Ìkanra àti òǹgbẹ sìgá: bí ẹ ó ṣe la ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ kọjá

Ẹni tó fi sìgá sílẹ̀ kì í sábà padà sídìí rẹ̀ torí pé ó gbàgbé ìdí tó fi fi í sílẹ̀. Ìjà ló máa ń dá a padà. Ó pariwo mọ́ ọmọṣẹ́ láàárọ̀, oníbàárà kan bá a fa ọ̀rọ̀ owó lọ́sàn-án, ìyàwó sọ gbólóhùn kan péré lálẹ́. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti dúró nídìí tábìlì ìyá tó ń ta sìgá, ó ń wá ìṣáná. Ìdí nìyẹn tí a fi máa pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìkanra nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Òǹgbẹ sìgá fúnra rẹ̀ le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní aago tó fi ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá sì mọ aago náà á lè dúró dè é.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Níkótíìnì, ìyẹn èròjà inú tábà tó ń sọ sìgá di bárakú, máa ń ti inú èéfín dé ọpọlọ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10. Bí wákàtí 2 bá kọjá, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ á tún nawọ́ béèrè. Ìbàlẹ̀ ara tí sìgá ń fún yín nígbà náà, gbèsè tí sìgá àná dá sílẹ̀ ló ń san.

Bí ẹ bá dá a dúró, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kanra láàárín wákàtí 4 sí 24. Ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta ló máa ń le jù. Lẹ́yìn ìyẹn á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ènìyàn á sì ti lọ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Òǹgbẹ ní tirẹ̀ máa ń ru sókè lójijì, á sì rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 3 sí 5, yálà ẹ mu sìgá tàbí ẹ kò mu ún. Ẹ kọ ìyẹn sára ògiri.

Àwọn tó ń gba ààwẹ̀ Ramadan ti mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Ẹni tó ń mu ẹyọ 20 lójúmọ́ lè wà láti sààrì di ìṣínu láìfọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá fẹ́ fi oṣù ààwẹ̀ ṣe é, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó tẹ̀lé ìṣínu ni kí ẹ ṣọ́, torí ibẹ̀ ni òǹgbẹ gbogbo ọjọ́ náà ti ń pàdé.

Kí ọjọ́ tí ẹ máa fi sìgá sílẹ̀ tó pé

Ẹ fi rọ́bà so ìwé pélébé kan mọ́ páálí sìgá yín fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má dín in kù o. Kí ẹ tó tan ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye tí aago lù, ibi tí ẹ wà, ẹni tí ẹ wà pẹ̀lú rẹ̀, àti bí inú yín ṣe rí. Ní òpin ọjọ́ kẹta, ẹ fi ìlà sábẹ́ àwọn tí ẹ tàn nígbà tí inú ń bí yín. Àwọn ìlà yẹn ni iṣẹ́ yín máa dá lé. Ẹ tún wo ẹyọ àkọ́kọ́ láàárọ̀: bí ẹ bá ń tàn án kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé lẹ́yìn tí ẹ jí, ara yín ti gbára lé níkótíìnì gan-an, ìyẹn sì kan ìwọ̀n oògùn tí a máa sọ nísàlẹ̀.

Ẹ wá mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì ka ọjọ́ kejì àti ìkẹta síwájú kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Awakọ̀ tàbí mẹkáníìkì tí wàhálà rẹ̀ pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ lè mu ẹyọ ìkẹyìn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí èyí tó le jù bọ́ sí Sátidé àti Sọ́ńdè. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé òde àríyá lẹ máa ń lọ ní Sátidé, ẹ fi í sí alẹ́ Sọ́ńdè. Ẹ má fi í sí ọ̀sẹ̀ ọdún Ọlọ́jọ́. Ilé-Ifẹ̀ á kún, ọtí á pọ̀, ojúlùmọ̀ tó ti pẹ́ tí ẹ ti rí á sì na páálí sí yín tẹ̀rín-tẹ̀rín. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà, ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Lálẹ́ tó ṣáájú, ẹ kó láítà, ìṣáná, àwo eérú àti ẹyọ kan tí ẹ fi pamọ́ sínú ọkọ̀ dànù. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹ fọ aṣọ iṣẹ́ àti ìbòrí àga ọkọ̀, torí òórùn nìkan tó láti jí òǹgbẹ. Òfin ìdarí tábà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ka títa sìgá lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan léèwọ̀, páálí kan kò sì gbọdọ̀ ní ẹyọ tó dín sí 20. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé tábìlì tí wọ́n ti ń tà á lẹ́yọ kò ṣòro rí. Ẹ mọ èyí tó wà lójú ọ̀nà yín, kí ẹ sì gba àdúgbò mìíràn kọjá fún oṣù kan, kódà bí ó bá gùn díẹ̀.

Oògùn tó ń dín in kù

Ní kẹ́míìsì, nicotine gum (ṣingọ́ọ̀mù tó ní níkótíìnì) àti nicotine patch (èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara) ni kí ẹ béèrè. Kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń kó wọn sílẹ̀, nítorí náà ẹ wá wọn kí ọjọ́ tó pé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi irú oògùn yìí sínú àkójọ àwọn oògùn kòṣeémánìí láti 2009. Ní 2021, wọ́n fi varenicline àti bupropion kún un, ṣùgbọ́n dókítà ló ń kọ méjèèjì wọ̀nyẹn fúnni, ẹni tó bá sì ní wárápá kò gbọdọ̀ lo bupropion.

Ṣingọ́ọ̀mù rẹ̀ wà ní mílígíráàmù 2 àti 4. Ẹni tó ń mu ẹyọ àkọ́kọ́ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó jí ló ń lo 4, àwọn yòókù ń lo 2. Ìjẹ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣì ṣe. Wọ́n á máa jẹ ẹ́ wàìwàì bíi ṣingọ́ọ̀mù ọmọdé, wọ́n á gbé níkótíìnì mì, òsúkè á mú wọn, inú á máa ru, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Ẹ rọra jẹ ẹ́ títí ẹnu á fi máa ta bí ẹni jẹ ata díẹ̀, kí ẹ wá fi í sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti erìgì, kí ẹ fi í síbẹ̀. Bí títa náà bá rọ̀, ẹ tún jẹ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ gbé e sí apá kejì. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ẹyọ kan ń lò. Ẹ má jẹun, ẹ má mu nǹkan kan fún ìṣẹ́jú 15 ṣáájú rẹ̀ àti nígbà tó bá wà lẹ́nu. Kóòkì, omi ọsàn, sóbò àti kọfí máa ń jẹ́ kí ẹnu kan, níkótíìnì kò sì ní lè wọnú ẹran ẹnu dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹyọ kan láàárín wákàtí 1 sí 2, kó má ju ẹyọ 24 lọ lójúmọ́.

Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara rọrùn ju ìyẹn lọ. Ẹni tó ń mu ju ẹyọ 10 lójúmọ́ á lo ti mílígíráàmù 21 fún ọ̀sẹ̀ 6, 14 fún ọ̀sẹ̀ 2, 7 fún ọ̀sẹ̀ 2. Ẹni tó ń mu 10 tàbí tó dín sí i á bẹ̀rẹ̀ láti 14 fún ọ̀sẹ̀ 6, kó tó bọ́ sí 7 fún ọ̀sẹ̀ 2. Láàárọ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá òkè tàbí àyà níbi tí kò ní irun, tí òógùn kò sì sí, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Ojoojúmọ́ ni ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ àti ojú ibi tí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí àlá burúkú bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ ṣí i kí ẹ tó sùn. Aboyún àti ẹni tí àrùn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù, dókítà ni kí wọ́n kọ́kọ́ bi.

Ìkanra: ohun tí ẹ máa ṣe

Ìkanra máa ń fi àmì hàn kó tó bú jáde. Eyín á máa pa pọ̀, èjìká á gòkè, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tí ẹ ti mọ́ lára láti ọdún kan á bẹ̀rẹ̀ sí í gún yín létí. Bí ẹ bá rí àmì tiyín:

1. Ẹ pa ẹnu mọ́. Ẹ ka ení títí dé ẹẹ́wàá kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn.
2. Ẹ sọ gbólóhùn kan tí ẹ ti múra sílẹ̀: “Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mò ń bọ̀.”
3. Ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ rìn kánkán títí ẹsẹ̀ á fi móoru.
4. Ẹ fa èémí sínú fún kíkà mẹ́rin, ẹ tú u jáde fún kíkà mẹ́fà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Apá kan nínú ìbàlẹ̀ ara tí ẹ rò pé sìgá ni, fífa èémí jíjinlẹ̀ yìí ni.
5. Ẹ padà wá. Ẹni tó bá lọ tí kò padà, ilé á kà á sí ìbínú, gbólóhùn yẹn kò sì ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nílẹ̀ wa, ẹ kò lè kẹ̀yìn sí àgbàlagbà tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀sùn àrífín á wá di kún ti sìgá. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà ilé gbọ́ kí ọjọ́ tó pé: “Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, mo fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ara mi lè máa gbóná fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí mo bá ní mo fẹ́ lọ bu omi mu, kì í ṣe pé mò ń sá fún yín.” Lọ́jọ́ tó bá wá ṣẹlẹ̀, ẹ ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n lọ bu omi mu,” kí ẹ sì mu omi náà ní tòótọ́.

Fún ọ̀gá tó ní ọmọṣẹ́, òfin kan tó fún ọ̀sẹ̀ méjì: kò sí ìjìyà lọ́jọ́ tí ẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ dájọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀yin fúnra yín á rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́ bí ilẹ̀ bá mọ́. Awakọ̀, ẹ ka owó tíkẹ́ẹ̀tì àti ṣéńjì sọ́tọ̀ láti ilé, kí àríyànjiyàn gáréèjì dín kù. Tọkọtaya, ẹ sún ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé, owó ilé àti ọ̀rọ̀ àna sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Bí kò bá ṣeé sún, ẹ sọ ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, kì í ṣe ṣáájú oúnjẹ.

Gbólóhùn kan wà tí ará ilé kò gbọdọ̀ sọ: “Ẹ kúkú lọ mu sìgá yín kí ara wa balẹ̀.” Wọ́n á fi ẹ̀rín sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹta, ìwé àṣẹ sì ni létí ẹni tó ń wá ẹ̀rí. Ẹ bẹ̀ wọ́n ṣáájú kí wọ́n má sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ líle bá sì ti já bọ́ lẹ́nu tiyín, ẹ tọrọ àforíjì kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. “Ẹ má bínú, ara mi ni kò lélẹ̀” ti tó. Ẹ̀bi tó bá sùn mọ́ni lọ́kàn ló máa ń jí wá sìgá.

Òǹgbẹ: ìṣẹ́jú márùn-ún

Bó bá ti ru sókè, ẹ wo aago, kí ẹ fi ìṣẹ́jú 5 kún un. Ẹ kò ní pinnu ohunkóhun kí ó tó pé. Ẹ kúrò lójú ibi tí ẹ wà, ẹ mu ife omi tútù kan díẹ̀díẹ̀, ẹ ṣe èémí mẹ́rin sí mẹ́fà yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ọwọ́ àti ẹnu níṣẹ́. Pákò ló dára jù níhìn-ín: ó wà láàárín ìka bí sìgá, ó ń ta díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bi yín léèrè. Ẹ̀pà tí ẹ ń bó fúnra yín, ọ̀fíò, ìrèké àti àsálà lásìkò rẹ̀ náà dára, torí bíbó àti jíjẹ wọn ń jẹ àkókò.

Òǹgbẹ mìíràn kì í dédé wá, àkókò rẹ̀ ti wà nínú ìwé pélébé yín. Ti àárọ̀: ẹ wẹ̀ kí ẹ tó jókòó síbi tí ẹ ti máa ń tan ẹyọ àkọ́kọ́. Ti ẹ̀yìn oúnjẹ: ẹ dìde lójú ẹsẹ̀, ẹ fọ eyín, kí ẹ sì fọ àwo yín. Ti ilé ìgbẹ́ ń dẹ́rù ba àwọn kan, torí níkótíìnì máa ń mú ìgbẹ́ yá, ìgbẹ́ sì lè le ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Omi, ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ ló ń tún un ṣe.

Obì, kọfí àti pàrágà

Ibí yìí ni Ifẹ̀ ti yàtọ̀ sí ìwé àwọn ará ìlú òkèèrè. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sá bá bí wọ́n bá fi sìgá sílẹ̀ ni obì. Obì àbàtà àti gbàǹja ní káféènì, èròjà tó ń lé oorun, bíi ti kọfí. Èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè lé káféènì jáde kúrò nínú ara. Bí èéfín bá dúró, ẹ̀dọ̀ á padà sí ìwọ̀n tirẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, obì tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ẹ jẹ ìlọ́po méjì. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, àyà á máa lù kìkì, oorun á sá, gbogbo rẹ̀ á sì jọ òǹgbẹ sìgá. Ọ̀pọ̀ ti padà sídìí sìgá nítorí obì láìmọ̀.

Ẹ dín obì, kọfí, tíì líle àti àwọn ohun mímu inú agolo tí awakọ̀ ń mu láti lé oorun kù sí ìdajì láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ sì dá wọn dúró bó bá ti di agogo méjìlá ọ̀sán. Bí obì bá jẹ́ ti àṣà tàbí ti àlejò, ẹ pa á, ẹ jẹ awẹ́ kan, ó tán.

Ní ti pàrágà àti bíà, wọ́n ń tú ìpinnu palẹ̀. Ẹ yẹra fún wọn fún oṣù kan gbáko. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, ọtí ni. Áṣáà, tábà jíjẹ àti ṣíṣà sì ní níkótíìnì; ẹni tó bá bọ́ sídìí wọn kò tíì kúrò lójú kan.

Oúnjẹ àti oorun

Sìgá máa ń pa ebi. Bó bá lọ, ebi á dé lásìkò tí ẹ kò retí, ẹ ó sì pè é ní ìkanra. Ẹ jẹun láàárọ̀, àkàrà àti ẹ̀kọ tó, kí ẹ má sì jẹ́ kí wákàtí 4 kọjá láìjẹ nǹkan kan. Ní ìpíndọ́gba, kílò 4 sí 5 ni ènìyàn ń sanra sí i ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹ fi èyí sílẹ̀ di oṣù kẹta kí ẹ tó bá a jà.

Oorun lè bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ìwẹ̀ alẹ́ àti ìrìn lẹ́yìn oúnjẹ ń ràn án lọ́wọ́. Ikọ́ lè pọ̀ sí i pẹ̀lú, torí ẹ̀dọ̀fóró ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ní sìgá ló ń dá ikọ́ òun dúró kò parọ́ tán, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí inú àyà ni sìgá ń mú kó dúró síbẹ̀.

Bí ẹ bá mu ẹyọ kan

Ẹ pa á, ẹ má ra òmíràn. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú rẹ̀ sínú ìwé pélébé: ta ni, níbo, kí lẹ jẹ, kí lẹ mu. Ẹ máa bá oògùn yín lọ. Èyí tó léwu ni èrò tó máa ń tẹ̀lé e, pé “mo ti bà á jẹ́, kí n kúkú mu páálí yìí tán.”

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ rí dókítà

Bí ẹ bá ń lo oògùn fún àrùn ọpọlọ, pàápàá clozapine tàbí olanzapine, tàbí aminophylline fún ikọ́ fée (asthma), ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó dá sìgá dúró, torí ìwọ̀n oògùn náà lè ga sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Oní-àtọ̀gbẹ náà, ẹ máa yẹ ṣúgà yín wò léraléra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí inú bá bàjẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, bí ọwọ́ yín bá fẹ́ máa kan ará ilé, tàbí èrò àtipa ara ẹni bá wá, ẹ má dúró dọ̀la. Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ìṣègùn Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ní Ilé-Ifẹ̀. Ará Iléṣà lè bẹ̀rẹ̀ láti Wesley Guild, tó jẹ́ apá kan ilé ìwòsàn náà. Àyà tó bá ń dunni bí ẹni gbé òkúta lé e, tàbí tí kò jẹ́ ká mí, pàjáwìrì ni. Ẹ má pè é ní òǹgbẹ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹrin, òǹgbẹ á ṣì máa dẹ yín wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, níbi ìsìnkú, níbi ìkómọ, tàbí lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ kan bá ti Èkó dé. Ìṣẹ́jú 5 kan náà ló ń lò. Ẹ fi pákò kan sápò aṣọ òde yín.